Kí Ni Aago Ọwọ́ Yín Ń Kà Gan-an? Ìtàn Ohun Èlò Tí Ń Ka Lílù Ọkàn

Ọ̀rọ̀ ọkàn la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe ọkàn inú orin ìfẹ́ o. Èyí tó wà nínú igbá àyà, tó ń lù tọ̀sán-tòru láìgba owó iṣẹ́, ni mò ń sọ.

Ẹ dúró sí Ọ̀yìngbò ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú. Ẹ ó rí àwọn tó ń sáré bọ̀ láti ìhà Yaba, ẹ ó rí àwọn màmá tó ń rìn kíákíá nínú bàtà kánfáàsì, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun àtẹ̀gùn lọ, tí wọ́n tún ń sọ̀ ọ́ bọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló de aago tí iná àwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú lábẹ́ rẹ̀ mọ́ ọwọ́. Bí wọ́n bá ti dúró, ojú aago ni wọ́n á kọ́kọ́ wò: 148, 162, 171. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, alábàárù á gbé àpò ìrẹsì wọ inú ọjà lọ, òógùn á bò ó, kò sì sí ẹni tó ń ka tirẹ̀.

Nọ́ńbà yẹn, ibo ló ti wá? Kí ló mọ̀ nípa ẹni tó wọ aago, kí sì ni kò mọ̀? Ìtàn la máa fi dáhùn, nítorí ìbéèrè náà kì í ṣe ti eré lásán ní àdúgbò wa yìí.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹjọ ọdún 1989, Nàìjíríà gbàlejò Àǹgólà ní Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè ní Surulere, kò jìnnà sí Ọ̀yìngbò rárá. Ìdíje láti lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 1990 ni. Ní ìṣẹ́jú kẹtàdínlọ́gọ́rin, Samuel Okwaraji ṣubú lulẹ̀ lórí pápá. Kò dìde mọ́. Ọmọ ọdún 25 ni. Amòfin ni, ó kàwé òfin dé ìpele másítà ní Róòmù, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun ní Jámánì. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bó ti yẹ lọ, àti pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Ká ní aago oní-iná ewé wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ni ì bá sọ kó tó ṣubú? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iye kan náà tí tàwọn agbábọ́ọ̀lù yòókù ì bá sọ: ọkàn ẹni tó ń sáré, tó ń lù kíákíá. Aago kì í wọn bí ọkàn ṣe tóbi tó. Kì í wọn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan. Lílù ló ń kà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Yorùbá ti ń gbọ́ ọkàn kí aago tó dé. A ní àyà ẹnì kan já, a ní àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì, a ní ọkàn rẹ̀ balẹ̀. A mọ ìgbà tó yára, a mọ ìgbà tó rọ̀. Ohun tí a kò ṣe ni ká fi nọ́ńbà sí i. Àwọn oyìnbó pàápàá pẹ́ kí wọ́n tó rí i ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, oníṣègùn ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Santorio so ohun wíwúwo kékeré mọ́ okùn, ó ń jẹ́ kó máa fì síwá sẹ́yìn. Ó ń fa okùn gùn, ó ń dín in kù, títí fífì rẹ̀ á fi bá lílù iṣan ọrùn ọwọ́ aláìsàn mu. Gígùn okùn ló wá ń fi mọ bí iṣan náà ṣe yára tó. Ẹ wo làálàá!

Àsìkò náà, aago kò tíì ní ọwọ́ tí ń ka ìṣẹ́jú-àáyá. John Floyer, dókítà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ní kí aláago ṣe ọ̀kan fún òun tí yóò ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan péré, kó sì dúró. Lọ́dún 1707 ló tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni kíka lílù ọkàn sí ìṣẹ́jú kan ti di àṣà. Àwọn nọ́ọ̀sì wa tó ń fi aago kékeré kọ́ àyà aṣọ funfun, tí ojú rẹ̀ dorí kodò, ọmọ-ọmọ aago Floyer ló wà láyà wọn. Títí dòní olónìí, ìka méjì àti aago lásán kò tíì di àtijọ́. Màá sọ ìdí rẹ̀ tó bá yá.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni iná mànàmáná tí ọkàn fúnra rẹ̀ ń mú jáde. Gbogbo ìgbà tí ọkàn bá fẹ́ sún kì, iná kékeré kan ló máa ń kọ́kọ́ sáré gba inú rẹ̀ kọjá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Willem Einthoven ní ìlú Leiden, ní ilẹ̀ àwọn Dutch, ṣe ẹ̀rọ tó lè ya àwòrán iná náà dáadáa. Ẹ̀rọ yẹn wọn nǹkan bí 270 kìlógírámù, ènìyàn márùn-ún ló ń tọ́jú rẹ̀, aláìsàn á sì ki ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ kan bọ inú omi iyọ̀. Ó gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ lọ́dún 1924. Ìyẹn ni baba ẹ̀rọ ECG tó wà nílé ìwòsàn lónìí.

Ṣùgbọ́n ta ló lè gbé 270 kìlógírámù sáré? Ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Montana, Norman Holter gbé tirẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn ní 1949: ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò rán ìròyìn ọkàn jáde, tí ìwọ̀n rẹ̀ tó 38 kìlógírámù. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ 50. Àwọn alábàárù Ọ̀yìngbò á gbé e, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn kò ní fi í sáré dé Iddo.

Àwọn ará Fínláǹdì ló wá sọ ọ́ di ohun tí eléré ìdárayá lè fara dà. Ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹ̀rọ ni Seppo Säynäjäkangas ní Yunifásítì Oulu, ó sì fẹ́ràn eré orí yìnyín. Lọ́jọ́ kan tó ń ṣe eré náà, ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pàdé tó jẹ́ kóòṣì, tó ń ráhùn pé kò sí bí òun ṣe lè mọ bí ọkàn àwọn eléré òun ṣe ń lù nígbà tí wọ́n wà lẹ́nu eré. Kí wọ́n tó dúró, kí kóòṣì tó fọwọ́ kan iṣan, ọkàn ti ń rọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí ilé-iṣẹ́ Polar ní 1977. Lọ́dún 1982 ni wọ́n gbé Sport Tester PE2000 jáde: bẹ́líìtì kan láyà, aago kan lọ́wọ́, kò sí wáyà láàárín wọn. Bẹ́líìtì ń gbọ́ iná ọkàn, ó sì ń rán iye rẹ̀ sí aago. Bẹ́líìtì àyà tí wọ́n ń tà lónìí, ọgbọ́n kan náà ni.

Ọdún 1982 kan náà ni ilẹ̀ Ítálì fi òfin dè é pé ẹni tó bá fẹ́ wọ ìdíje eré gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ara, kí ECG sì wà nínú rẹ̀. Níbì kan, wọ́n ń ta ohun tí ń ka ọkàn fún ẹni tó fẹ́ sáré dáadáa. Níbòmíràn, wọ́n ń yẹ ọkàn wò kí wọ́n tó jẹ́ kí ènìyàn sáré. Iṣẹ́ méjèèjì yàtọ̀ síra, àwa ní Èkó ló sì máa ń pa wọ́n pọ̀.

Nwankwo Kanu lè jẹ́rìí sí i. Lẹ́yìn tó gba góòlù Òlíḿpíìkì ní Atlanta lọ́dún 1996, ó darapọ̀ mọ́ Inter Milan. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré borí Brazil àti Argentina, ta ni yóò sọ pé ara rẹ̀ kò le? Àwọn dókítà ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí àbùkù lára ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Amẹ́ríkà lóṣù Kọkànlá ọdún yẹn. Ó padà sórí pápá lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó sì dá Kanu Heart Foundation sílẹ̀ ní 2000. Okwaraji 1989, Kanu 1996. Àyẹ̀wò ló wà láàárín wọn.

Ọjà Ọ̀yìngbò àti nọ́ńbà 220

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti nọ́ńbà tí aago fi ń bá yín wí. Ọ̀pọ̀ aago máa ń pín eré yín sí ìpele oríṣiríṣi àwọ̀, wọ́n á ní ẹ wà ní ìpele pupa, ẹ rọra. Ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ni iye tí ọkàn yín lè lù dé tí kò lè kọjá. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n? Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n kàn yọ ọjọ́ orí yín kúrò nínú 220 ni. Ẹni ọdún 25, 195. Ẹni ọdún 60, 160.

Ibo ni 220 ti wá? Nínú àpilẹ̀kọ kan tí Fox, Naughton àti Haskell kọ ní Amẹ́ríkà ní 1971 ló ti di gbajúmọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n kó àwọn ènìyàn jọ láti wá nọ́ńbà náà rí o. Wọ́n kó àbájáde ìwádìí àwọn ẹlòmíràn sórí àtẹ kan ni, ìlà kan sì wà tó súnmọ́ ọn. Ó rọrùn láti rántí, ó bá tàn ká. Lọ́dún 2001, Tanaka àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá kó ìwádìí 351 jọ, tí ènìyàn 18,712 wà nínú rẹ̀. Tiwọn ni pé kí ẹ fi 0.7 sọ ọjọ́ orí yín di púpọ̀, kí ẹ yọ ọ́ nínú 208. Fún ẹni ọdún 40, méjèèjì bọ́ sí 180. Fún ẹni ọdún 60, ó di 166 dípò 160.

Síbẹ̀, ẹni méjì tí wọ́n bí lọ́jọ́ kan náà lè fi 20 ju ara wọn lọ, kí ara àwọn méjèèjì sì dá ṣáṣá. Ẹ ṣáà mọ òwe wa: ọjà Ọ̀yìngbò kò mọ̀ pé ẹnì kan ò wá. Bí 220 ṣe rí gan-an nìyẹn. Èrò ọjà ló mọ̀, kò mọ Bọ́lá, kò mọ Ṣẹ́gun. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bí atenolol tàbí propranolol tilẹ̀ tún yàtọ̀ pátápátá, nítorí pé oògùn wọ̀nyẹn ń fa ìjánu ọkàn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa lé 150 tí aago ní kó lé, kó sì máa pa ara rẹ̀. Ó yẹ kó béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ nípa iye tó bá a mu.

Ọ̀nà tó sàn díẹ̀ wà, ti Martti Karvonen, ará Fínláǹdì mìíràn, láti 1957. Ẹ ka ọkàn yín láàárọ̀ kí ẹ tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ká ní ó jẹ́ 70, tí iye tó ga jù sì jẹ́ 180. 110 ló wà láàárín wọn. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe eré tó tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá 60 nínú 110 jẹ́ 66. Ẹ fi kún 70, ó di 136. Ara yín ti wọ inú ìṣirò náà díẹ̀, ó kéré tán. Bí ìṣirò bá sì sú yín, ẹ sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń sáré. Bí ẹ bá lè sọ gbólóhùn kan parí ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, eré ìwọ̀ntúnwọ̀nsì lẹ wà. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì ń fẹ́ bátìrì.

Iná ewé lára àwọ̀ dúdú

Aago tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wa báyìí kì í gbọ́ iná ọkàn, ìmọ́lẹ̀ ló ń lò. Àwọn onímọ̀ ti ń dán ọgbọ́n náà wò láti ọdún 1937 síwájú, kó tó di pé Apple Watch àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e dé ọrùn ọwọ́ gbogbo ayé ní nǹkan bí 2015. Ní 6 oṣù Kejì 2016, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sá Lagos City Marathon láti Pápá Ìṣeré Surulere lọ sí Eko Atlantic, irú aago bẹ́ẹ̀ ti ń wọ ọjà. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: ẹ̀jẹ̀ máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé mì. Bí ọkàn bá lù, ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i nínú iṣan, ìmọ́lẹ̀ tó padà á dín kù. Bí ó bá sinmi, á pọ̀ sí i. Aago ń ka lílọ-bíbọ̀ yẹn.

Àmọ́ ohun tó ń sọ àwọ̀ wa di dúdú náà máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ ewé mì. Nítorí náà, ìbéèrè tí àwa ní láti bi olùtajà kì í ṣe tẹni tó wà ní Oulu. Ìwádìí Stanford kan ní 2017, pẹ̀lú aago méje àti ènìyàn 60, rí i pé àṣìṣe pọ̀ díẹ̀ sí i lára àwọ̀ tó dúdú. Ìwádìí Yunifásítì Duke ní 2020 ní àwọn kò rí ìyàtọ̀ tó dájú láàárín àwọ̀ kan sí èkejì. Ohun tó ń da aago rú ni pé ara ń mì. Èrò tèmi ni pé kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àwọ̀ yín dẹ́rù bà yín pé kò sí aago tó lè kà yín, kí ẹ má sì gba iye tó bá sọ láìdán an wò. Ìwádìí Stanford náà tún fi hàn pé nínú aago méje yẹn, kò sí èyí tó ka kálórì tí àṣìṣe rẹ̀ kò ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi kálórì aago ra ìyán, ẹ gbọ́ o.

Báwo lẹ ṣe máa dán an wò? Àwọn kan á ní kí ẹ dè é mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, pé bó bá ka nọ́ńbà jáde, ayédèrú ni. Ẹ̀fẹ̀ dáadáa ni, ṣùgbọ́n aago gidi pàápàá lè rí 80 lára ohun tí kò ní ọkàn, nítorí pé lílọ-bíbọ̀ ìmọ́lẹ̀ ló ń wá, ó sì lè fi tipátipá rí ọ̀kan. Ìka ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ fi ìka méjì sí iṣan ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò, ẹ kà á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ẹ fi wé aago. Lẹ́yìn náà, ẹ gun àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ ojú irin Red Line ní Ọ̀yìngbò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ sì tún kà á lójú ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó lọ́tẹ̀ yìí, ìlọ́po mẹ́rin, kí ọkàn tó rọ̀. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, ó tó. Bó bá jẹ́ 30, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Tí ẹ bá ń rìn, tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́, tàbí tí ẹ ń sáré wọ́ọ́rọ́wọ́, aago ọwọ́ tó. Ẹ fún un dáadáa, kó kúrò lórí eegun ọrùn ọwọ́, kó gòkè díẹ̀. Tí eré yín bá jẹ́ ti sáré-kí-o-dúró, tàbí gbígbé irin, bẹ́líìtì àyà ni mo fara mọ́, nítorí pé bí ọrùn ọwọ́ bá ń tẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á ṣì í kà. Ẹ fi omi pa inú bẹ́líìtì náà kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Bátìrì pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀ ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ó sì máa ń pẹ́. Ẹ kíyè sí ẹ̀tàn kan: aago ọwọ́ lè fi ìró ẹsẹ̀ rọ́pò ìró ọkàn. Ẹni tó ń sáré sábà máa ń gbé ẹsẹ̀ bí 160 sí 180 nínú ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá rí 170 tí ẹ sì ń sọ̀rọ̀ fàlàlà, ẹsẹ̀ yín ló ń kà. Ooru Èkó náà wà níbẹ̀: nínú ooru, ọkàn máa ń lù sí i bí eré ṣe ń pẹ́, bí ẹsẹ̀ kò tilẹ̀ yára sí i. Àárọ̀ kùtù dára ju ọ̀sán gangan lọ.

Kí ẹ tó náwó lé aago, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Federal Medical Centre Ebute Metta, tó jẹ́ ilé ìwòsàn àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tẹ́lẹ̀, kò jìnnà sí ọjà Ọ̀yìngbò. Bí ẹnì kan bá ti kú lójijì nínú ẹbí yín láìtíì dàgbà, tàbí tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré líle lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ẹ bi dókítà nípa ECG. Bí àyà bá ń dùn yín lẹ́nu eré, tí òòyì ń kọ́ yín tàbí tí ẹ dákú, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ má wo ọwọ́, ẹ ní kí wọ́n gbé yín lọ sílé ìwòsàn, ì báà jẹ́ 110 péré ni aago kọ.